Bí ẹ ṣe máa tọ́jú ògiri òkúta àti géètì àtijọ́ tó yí sọ́ọ̀ṣì yín ká ní England (ẹ gbé sìmẹ́ǹtì yẹn sílẹ̀ ná)

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní ìlú ọba, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ Church of England àdúgbò yín tí wọ́n ti wá fi yín sínú PCC (ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó sọ́ọ̀ṣì), tàbí tí wọ́n ti sọ yín di churchwarden (ẹni tó ń mójú tó ilé àti ohun ìní sọ́ọ̀ṣì) torí pé ẹ kì í pẹ́ dé ìsìn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Bí wọ́n bá ṣe yàn yín báyìí ni fáìlì kan ń bọ̀ lọ́wọ́ yín. Inú ẹ̀ ni ìwé àyẹ̀wò tí architect tàbí surveyor máa ń ṣe fún sọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ní ọdún márùn-ún márùn-ún wà, quinquennial ni wọ́n ń pè é, láti 1955 ni òfin ẹ̀ ti wà. Tẹ́ ẹ bá ṣí i dé ẹ̀yìn, ẹ máa rí i níbẹ̀ pé ògiri ọgbà sọ́ọ̀ṣì ti ń wú, òkúta ara géètì ti ń ṣí, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí i. Gbogbo ojú á wá yí sọ́dọ̀ yín. Ẹnì kan nínú wa á sì dìde pé kí ló le níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n òun kan wà ní Peckham tó mọ iṣẹ́ bíríkìlà dáadáa, ká ra àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta, Sátidé kan ṣoṣo la máa fi parí ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ògiri yẹn lè ti wà níbẹ̀ kí bàbá ńlá bàbá ńlá yín tó dáyé, ó ti fara da òjò àti yìnyín láìmọye ọdún, àtúnṣe ìkánjú sì wà lára ohun tó máa ń bá irú ẹ̀ jà jù. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ò ju mélòó kan lọ: ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa, ẹ gbàṣẹ, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ tún un ṣe pẹ̀lú irú nǹkan tí wọ́n fi kọ́ ọ. Bó ṣe tò nìyẹn, ẹ má yí i padà.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó

Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ tán kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ mú fóònù yín, ẹ yí ògiri náà ká níta, ẹ tún yí i ká nínú. Ìdí tí mo fi ní ẹ lọ lẹ́yìn òjò ni pé omi ló máa fi ibi tí àrùn wà hàn yín: ibi tó dúdú tí ò tètè gbẹ, ibi tí omi ti ń ṣàn gba àárín òkúta jáde, ibi tí koríko àti ewé tútù ti hù láàárín òkúta, ẹ ya gbogbo ẹ̀ ní fọ́tò. Ẹ wo orí ògiri náà pẹ̀lú, òkúta tí wọ́n tò sórí ẹ̀ bíi fìlà, coping ni wọ́n ń pè é, òun ló ń lé omi kúrò. Tí ẹyọ kan bá ti ṣí tàbí tó ti sán, omi ti ń wọnú ògiri láti òkè nìyẹn, ẹ̀ báà rẹ́ ara ẹ̀ dé ọ̀run asán ni.

Ẹ wá fi ojú wọn ilẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà sọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ilẹ̀ inú ga ju títì ìta lọ, nígbà míì ó lè ga tó mítà kan. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń sin òkú lé òkú lórí wà lára ohun tó gbé ilẹ̀ náà sókè. Ẹ ò rí i pé ògiri yẹn kì í wá ṣe fẹ́ǹsì lásán mọ́? Ilẹ̀ ló ń gbé ró, òkú àwọn èèyàn sì wà nínú ilẹ̀ náà, àwọn mìíràn sún mọ́ ẹsẹ̀ ògiri gan-an. Tẹ́ ẹ bá rí ihò kéékèèké nísàlẹ̀ ògiri níta, wọ́n dìídì dá a sí kí omi lè máa ráyè jáde ni. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni ẹnì kan tó lójú àánú ti fi sìmẹ́ǹtì dí i torí pé ó rò pé ó bà jẹ́.

Ẹ tún fi ọwọ́ pa orí coping lọ. Ẹ lè bá kùkùté irin kéékèèké níbẹ̀ tí wọ́n fi òjé dì mọ́nú òkúta, wọ́n tò tẹ̀ léra ní ìwọ̀n kan náà. Irin tó dúró níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gé nígbà ogun àgbáyé kejì, tí ìjọba ń kó irin jọ káàkiri. Kùkùté náà ò ṣe nǹkan kan tí òjé ẹ̀ bá ṣì dì í dáadáa, àmọ́ tó bá ti ń dógùn-ún, á máa wú nínú ihò ẹ̀ títí á fi la òkúta náà sí méjì. Ìyẹn yẹ kó wọ ìwé yín.

Òkúta wo ni wọ́n fi kọ́ ọ? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ilẹ̀ àdúgbò ló máa dáhùn. Ní Cotswolds, òkúta ẹfun aláwọ̀ oyin ni. Ní Kent, ragstone tó rí eérú-eérú. Ní Norfolk àti Suffolk, flint dúdú kéékèèké tí wọ́n fi bíríkì há láàárín. Ní Cornwall, granite. Ní Yorkshire, òkúta oníyanrìn. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ èyí nítorí pé òkúta tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi dípò èyí tó bàjẹ́ gbọ́dọ̀ bá a mu, kì í ṣe àwọ̀ nìkan, bó ṣe ń mu omi náà. Flint ò tiẹ̀ ń mu omi rárá, gbogbo èémí ògiri flint, àárín òkúta ló ń gbà jáde.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹ wo orí ẹnu-ọ̀nà. Tó bá rí rìbìtì lókè tó sì nípọn, ó lè jẹ́ ti ayé àwọn Norman tó wá láti Normandy ṣẹ́gun England, láti 1066 dé nǹkan bí 1190. Tó bá ṣóńṣó, ẹ máa rò ó sí ọdún 1200 síwájú. Tó bá ṣóńṣó àmọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀rọ̀ ọdún 1400 àti 1500-ń-kan nìyẹn. Òpó méjì gbọọrọ tí òkúta rogodo tàbí àwo òdòdó wà lórí wọn, ìyẹn sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn 1660. Àmọ́ kẹ́ ẹ má kàn fi ẹnu sọ ọ́ ní ìpàdé o, torí pé àwọn ará ayé Ọbabìnrin Victoria fẹ́ràn láti máa kọ́ nǹkan tuntun kó dà bíi ti àtijọ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibi tẹ́ ẹ ti lè kọ́ ojú yín lọ́fẹ̀ẹ́

Kẹ́ ẹ tó dé ìdí ògiri tiyín, ẹ lọ wo ti ẹlòmíì. Ẹ̀yin ará South London, St Nicholas ní Deptford kò jìnnà sí yín rárá. Agbárí òkú méjì tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ ló wà lórí òpó géètì ẹ̀, òpó kan agbárí kan, eegun sì wà lábẹ́ wọn. Mo mọ̀ pé àwọn ará wa kan máa dé ibẹ̀ tí wọ́n á ní “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!”, tí wọ́n á ṣẹ́rí padà, pé awo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Kò sí awo kankan. Láyé ìgbà yẹn, àgbárí lójú ọ̀nà sọ́ọ̀ṣì ń rán alààyè létí pé ikú ń bọ̀ ni, kó tún ìwà ṣe. Wọ́n tún máa ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn olè ojú omi ti rí àwòrán tí wọ́n fi sí àsíá wọn, ó dùn létí àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Christopher Marlowe tó ń kọ eré orí ìtàgé, tí wọ́n gún pa ní Deptford lọ́dún 1593, ọgbà yẹn ni wọ́n sin ín sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àgbárí sí i, ẹ kọjá odò lọ sí Seething Lane, ẹ máa rí géètì St Olave, 1658 ni wọ́n kọ sí i lára, irin ṣóńṣó wà lórí ẹ̀ kó má baà sí ẹni tó máa gun un. Samuel Pepys, tí ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tó kọ lókìkí, wà nínú sọ́ọ̀ṣì náà, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù ni St Bartholomew the Great ní Smithfield, ẹ fún un ní àsìkò. Tẹ́ ẹ bá dúró níwájú géètì ẹ̀, ilé onípákó tí wọ́n kọ́ ní 1595 ló wà lókè, ẹnu-ọ̀nà òkúta ṣóńṣó tó ti wà láti ọdún 1200-ń-kan ló wà nísàlẹ̀. Géètì kọ́ ni wọ́n ṣe é fún níbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn sọ́ọ̀ṣì gan-an ni. Àlùfáà kan tó ń jẹ́ Rahere ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1123, nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ wá ti ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn náà pa ní 1539, wọ́n wó gbọ̀ngàn ńlá iwájú sọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ lóun nìkan. Ìyẹn ni pé ọ̀nà tẹ́ ẹ ń rìn gba àárín ibojì kọjá lẹ́yìn géètì yẹn, inú sọ́ọ̀ṣì ni tẹ́lẹ̀. Pákó òkè yẹn náà, wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́, bọ́ǹbù tí Zeppelin, ọkọ̀ òfúrufú ńlá àwọn Jámánì, jù sí àdúgbò náà lọ́dún 1915 ló mì í títí ohun tí wọ́n fi bò ó fi já bọ́, ni wọ́n bá rí pákó àtijọ́ lábẹ́ ẹ̀. Ẹ ò rí i pé tí ẹnì kan bá ti fi ìkánjú rẹ́ ẹ pa pátápátá, ìtàn ti lọ nìyẹn.

Àwọn tó bá ń gbé lápá Bromley, St George ní Beckenham ní lychgate, wọ́n sì ka á mọ́ àwọn tó lọ́jọ́ lórí jù ní England, wọ́n ní ó ti wà láti ọdún 1200-ń-kan. Lychgate ni géètì tó ní òrùlé, wọ́n máa ń gbé pósí dúró lábẹ́ ẹ̀ kí àlùfáà wá pàdé òkú níbẹ̀. Ìwé àdúrà 1662 pàápàá sọ ọ́, pé ẹnu ọ̀nà ọgbà sọ́ọ̀ṣì ni kí àlùfáà ti lọ pàdé òkú. Òmíràn ní òkúta pẹrẹsẹ láàárín tí wọ́n ń gbé pósí lé. Ní Long Compton, ní Warwickshire, ilé kékeré kan odindi ló wà lórí lychgate tiwọn, ẹ gbọ́dọ̀ rí i.

Ẹni tó bá sì lọ sí Canterbury, kó wo Christ Church Gate, géètì ńlá tí wọ́n kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1500-ń-kan tó wọ ọgbà kàtídírà. Kàtídírà yẹn ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù June 1864. Ère Jésù tó wà láàárín géètì náà, bàbà ni, 1990 ni wọ́n gbé e síbẹ̀, torí pé àwọn Puritan, ìyẹn àwọn Kristẹni tí ò fẹ́ ère rárá, ti fọ́ ti àkọ́kọ́ ní ọdún 1640-ń-kan.

Ta ló ni ògiri, ta ló sì ń fúnni láṣẹ

Apá yìí ò dùn kà, àmọ́ òun ló máa yọ yín nínú wàhálà.

Ẹ lọ sórí National Heritage List for England, àkọsílẹ̀ àwọn ilé àtijọ́ tí òfin dáàbò bò, ọ̀fẹ́ ni, Historic England ló ń tọ́jú ẹ̀, ẹ tẹ orúkọ sọ́ọ̀ṣì yín síbẹ̀. Ẹ má wo ti sọ́ọ̀ṣì nìkan, ẹ wò ó bóyá ògiri tàbí géètì náà dá dúró lórí àkọsílẹ̀ yẹn, torí pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé sọ́ọ̀ṣì wà ní Grade I, ìyẹn ipò tó ga jù, géètì wà ní Grade II lọ́tọ̀. Tí kò bá tiẹ̀ sí lórí ẹ̀, tó bá ti wà nínú ọgbà sọ́ọ̀ṣì tó wà lórí àkọsílẹ̀ náà, tó sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù July 1948, òfin sábà máa ń kà á mọ́ sọ́ọ̀ṣì náà.

Lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ dáyósísì yín ló kàn. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ kan tó ń jẹ́ DAC, tó ń gbani nímọ̀ràn lórí àtúnṣe sọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní akọ̀wé, ẹ pè é lórí fóònù kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. Iṣẹ́ kéékèèké kan wà tí ò nílò àṣẹ, òmíràn wà tó jẹ́ pé lẹ́tà archdeacon ti tó o, iṣẹ́ ńlá ló nílò faculty, ìyẹn àṣẹ láti ọ̀dọ̀ chancellor tó jẹ́ adájọ́ kóòtù sọ́ọ̀ṣì. Faculty gba kẹ́ ẹ lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ta fún ọjọ́ 28 kí ẹni tó bá ní nǹkan sọ lè sọ ọ́. Ó máa ń falẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún bi òṣìṣẹ́ conservation tó ń rí sí ilé àtijọ́ ní káńsù bóyá wọ́n nílò àṣẹ tiwọn náà, pàápàá tó bá jẹ́ pé ògiri náà dá wà lórí àkọsílẹ̀ yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì máa gbẹ́ ilẹ̀ rárá, bó ti wù kó kéré tó, ẹ sọ fún wọn, torí eegun òkú. Kò sẹ́ni tó ń gbẹ́ ẹsẹ̀ ògiri ibojì bí ẹni ń gbẹ́ ilẹ̀ iṣu.

Wàyí o, èyí tí ọ̀pọ̀ PCC ò mọ̀: tí wọ́n bá ti ti ibojì yín pa, ìyẹn ni pé ìjọba ti pàṣẹ pé kí wọ́n má sin òkú síbẹ̀ mọ́, bíi ti ọ̀pọ̀ ibojì inú ìlú ńlá láti ọdún 1850-ń-kan, ẹ wo òfin Local Government Act 1972, abala 215. Ó fún PCC láyè láti kọ̀wé sí káńsù kí wọ́n gba ìtọ́jú ibojì náà, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó ti di tiwọn, òfin náà sì dárúkọ ògiri àti fẹ́ǹsì ní pàtó pé kó wà ní dídára. Ẹ wo fáìlì àtijọ́ dáadáa, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti kọ lẹ́tà yẹn tipẹ́, tẹ́ ẹ wá ń fi owó ọrẹ tún ògiri káńsù ṣe.

Ìdí tí sìmẹ́ǹtì fi ń pa á

Àwọn tó dàgbà nílé máa mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ rántí ilé alámọ̀ bàbá àgbà tí wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lára kó lè dà bíi ti olówó. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ibi tí wọ́n rẹ́ á wú, tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ kàn án á dún gbàǹgbàn, tó bá yá á ṣí pẹrẹgẹdẹ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí òkúta àwọn òyìnbó yìí.

Ọdún 1824 ni Joseph Aspdin ará Leeds gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí Portland cement. Ògiri tó bá ti wà ṣáájú ìgbà yẹn, amọ̀ ni wọ́n fi so ó pọ̀ tàbí lime, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná tó tó 900°C, tí wọ́n wá da omi sí. Lime rọ̀, ó ń jẹ́ kí omi gba inú ẹ̀ jáde. Tí òjò bá rọ̀, omi wọ ògiri, tí oòrùn bá dé, omi gba àárín òkúta jáde, tí nǹkan bá máa jẹ, lime ló máa jẹ, òkúta á wà. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ẹ máa tún lime náà ṣe, ìyẹn náà ni. Tẹ́ ẹ bá wá fi sìmẹ́ǹtì dí àárín yẹn, sìmẹ́ǹtì le ju òkúta tó rọ̀ lọ, omi ò rí ọ̀nà jáde mọ́, ó di dandan kó gba ara òkúta. Nígbà tí òtútù bá dé, omi tó wà lára òkúta á di yìnyín, á wú, á sì ti ojú òkúta kúrò. Ẹ lọ wo ògiri tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì tún ṣe rí, ẹ máa rí ìlà sìmẹ́ǹtì tó yọ síta gbọngbọn, tí òkúta tó wà láàárín ti wọ inú lọ bí eyín tó ti jẹrà. Sìmẹ́ǹtì ṣẹ́gun, ògiri ló kú.

Tí sìmẹ́ǹtì bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má fi ìbínú yọ gbogbo ẹ̀. Èyí tó bá ti ń mì, ẹ yọ ọ́. Èyí tó bá di òkúta mú pinpin, tẹ́ ẹ bá fipá yọ ọ́, ẹ máa ba òkúta jẹ́ ju bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń bà á jẹ́ lọ, ẹ bi ẹni tó mọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ fúnra ẹ̀

Tí àṣẹ bá ti wà, tó sì jẹ́ pé àárín òkúta lásán ló ti jẹ, tí ògiri ò wú, tí ò tẹ̀, àwọn tó bá ní ọwọ́ nínú sọ́ọ̀ṣì lè ṣe díẹ̀ lábẹ́ ojú ẹni tó mọ iṣẹ́ lime. Láti April dé September ni kẹ́ ẹ ṣe é. Lime ò fẹ́ òtútù, tí ojú ọjọ́ bá ti fẹ́ lọ sí 5°C ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má sì gbàgbé pé òru England lè tutù lójijì ní April.

Fún ògiri ìta, NHL (natural hydraulic lime, lime tó ń le nínú omi) ni ọ̀pọ̀ ń lò, bó ṣe le sí ni wọ́n fi pín in sí 2, 3.5 àti 5. Òkúta tó bá rọ̀ kò fẹ́ 5 rárá, ẹ jẹ́ kí architect sọ èyí tó bá yín mu. Yanrìn tó mú, tí wọ́n ti fọ̀, tí hóró ńlá àti kékeré wà nínú ẹ̀ pa pọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe yanrìn kúnnákúnná tí wọ́n fi ń to bíríkì. Bọ́kẹ́ẹ̀tì lime kan sí bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta. Ẹ po ó kó le díẹ̀: tẹ́ ẹ bá fún un mọ́wọ́, kó dúró bí ẹ ṣe fún un, kó má sì máa ṣàn gba àárín ìka. Bíríkìlà ilé wa máa ní ó gbẹ jù, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ wá fi chisel pẹlẹbẹ àti òòlù yọ èyí tó ti jẹ, ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń yí o, ẹ̀rọ yẹn ò mọ òkúta yàtọ̀ sí lime. Ẹ yọ ọ́ wọlé dé ìlọ́po méjì fífẹ̀ àárín òkúta, ó kéré tán 25 mm, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Lẹ́yìn náà ẹ wọ́n omi sí i dáadáa, kí òkúta mu yó àmọ́ kí omi má dúró lórí ẹ̀, torí pé òkúta tí òùngbẹ ń gbẹ máa fa omi inú lime yín lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ kejì á ti di ìyẹ̀fun. Ẹ ti lime náà wọlé pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má sí àlàfo. Ibi tó bá jìn, ẹ ṣe é ní ìpele ìpele, ẹ lè fi pẹ̀ẹ́lẹ́ òkúta kéékèèké há a. Ẹ dá a dúró díẹ̀ sínú ju ojú òkúta lọ, ẹ má fi ya ìlà, ẹ má jẹ́ kó yọ síta.

Ibi tó ń yàtọ̀ sí ìṣe sìmẹ́ǹtì rèé: ẹ ò tíì parí. Tó bá ti le débi pé àtàǹpàkò yín ò lè wọ inú ẹ̀ mọ́ àmọ́ èékánná lè fà á, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì tí irun ẹ̀ le, ẹ máa fi orí ẹ̀ gbá a pẹ́pẹ́pẹ́, ẹ má fi wọ́ ọ. Èyí ló ń jẹ́ kó fún pọ̀, tí hóró yanrìn á fi hàn síta, tí ojú ẹ̀ á sì bá ti àtijọ́ mu. Lẹ́yìn ìyẹn, àpò ìdọ̀họ tẹ́ ẹ ti rẹ sínú omi lẹ máa fi bò ó, ẹ fi rọ́bà bo ìyẹn náà lórí, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán kó má gbẹ kíá. Ẹ wọ gọ́gù àti ìbọ̀wọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, lime tó bá kó sójú lè fọ́ ọ, kẹ́ ẹ ní omi mímọ́ nítòsí.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìwọ̀n mítà kan sí mítà kan níbi tó pamọ́, ẹ pe architect wá wò ó kẹ́ ẹ tó máa bá a lọ. Àwọ̀ tutù rẹ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ gbígbẹ.

Ewé, ẹyẹ, àdán

Ivy, ewé tó ń fà mọ́ ara ògiri, ń dà yín láàmú, mo mọ̀. Ẹ má fà á tu. Gbòǹgbò ẹ̀ ti wọ àárín òkúta, tẹ́ ẹ bá fà á, ògiri ló ń tẹ̀ lé e bọ̀. Ẹ gé e nísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó kú, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ibòmíì wà tí ivy ń dáàbò bo ògiri lọ́wọ́ yìnyín, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ pa. Igi kékeré tó hù sórí ògiri ni kẹ́ ẹ tètè yọ. Lichen, àwọn àbàwọ́n ofeefee àti eérú tó lẹ̀ mọ́ òkúta, ẹ má fi bulíìṣì fọ̀ ọ́, ẹ má gbé ẹ̀rọ tó ń fi ipá tú omi dé ibẹ̀. Ara ọgbà ni wọ́n, òmíràn ti dàgbà ju yín lọ, ojú òkúta á sì bá wọn lọ.

Ìtẹ́ tí ẹyẹ bá ń lò lọ́wọ́, òfin Wildlife and Countryside Act 1981 dáàbò bò ó. Àdán sì fẹ́ràn abẹ́ òrùlé lychgate, àdán kò ní àsìkò tí òfin ò dáàbò bò ó, ẹ pe àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan pákó ibẹ̀. Pákó oak lychgate náà ò fẹ́ varnish, ẹ fi sílẹ̀ kó rí fàdákà-fàdákà bó ṣe máa ń rí.

Tí ògiri bá ti wú

Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn o. Ẹ fi okùn tí nǹkan wúwo wà nídìí ẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí ògiri, ẹ wọn bó ṣe yọ síta tó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Tó bá sán, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ẹnu ibi tó sán dé, kẹ́ ẹ kọ déètì sí i, oṣù kan lẹ́yìn náà ẹ padà wá wò ó bóyá ó ti kọjá ìlà. Tó bá ń rìn, tàbí tó jẹ́ pé àwọn ọmọ ilé ìwé ń gba ibẹ̀ kọjá, ẹ dá ibẹ̀ dúró lọ́jọ́ náà, ẹ pe structural engineer tó mọ ilé àtijọ́, ẹ sọ fún inṣọ́ránsì. Ẹ má fi pákó tì í fúnra yín.

Owó ńkọ́? National Churches Trust àti National Lottery Heritage Fund máa ń fúnni, àmọ́ ẹ ka òfin wọn, wọn ò fẹ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé lychgate yín ní orúkọ àwọn tó kú sógun lára, ẹ kọ sí War Memorials Trust. Fún ìmọ̀ràn, SPAB (Society for the Protection of Ancient Buildings) ni, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ tí William Morris dá sílẹ̀ ní 1877, wọ́n máa ń dáhùn ìbéèrè nípa lime àti òkúta lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ kọ ọ́ sínú log book sọ́ọ̀ṣì: irú lime wo, yanrìn láti ibo, ìwọ̀n wo, ta ló ṣe é, fọ́tò ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹni tó máa gba ipò lọ́wọ́ yín ò ní mọ̀ yín, ó sì máa fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ kó tó gbé chisel. Tí òtútù àkọ́kọ́ bá kọjá, ní nǹkan bí March, ẹ mú ìṣó kan lọ, ẹ fi ha ibi tẹ́ ẹ ṣe. Tó bá ń tú bí ìyẹ̀fun, ó ti tètè gbẹ jù nìyẹn, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún un ṣe ní April.